Ta Ló Ń Jẹ Oúnjẹ Ramlah?

Ní òwúrọ̀, kí fèrè tírélà tó bo gbogbo Olódì-Àpápá mọ́lẹ̀, ariwo ṣíbí ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ nínú yàrá Mansur mẹkáníìkì. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta á ti yí abọ́ tánganran ńlá kan ká lórí ẹní, ẹ̀kọ á wà láàárín wọn. Yasir, àkọ́bí, tó ti ń lọ sílé ìwé, a máa bu tirẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ruqoyah tó tẹ̀ lé e kì í gbà kó fi òun sẹ́yìn. Ramlah, àbíkẹ́yìn, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, á di ṣíbí tirẹ̀ mú dáadáa, á wá máa wo àwọn méjèèjì bí ẹni tó ń wo eré bọ́ọ̀lù.

Ìyá Mansur á wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Màmá Ìgbòho ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí láti Ìgbòho ló ti wá nígbà tí wọ́n bí Ramlah, kò sì padà mọ́. Òun ló ṣe òfin abọ́ kan.

“Abọ́ kan la fi tọ́ bàbá wọn àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀,” ni ó máa ń sọ. “Ọmọ tí ẹ bá ń bu oúnjẹ fún lọ́tọ̀, ahun lẹ ń tọ́. Tó bá dàgbà, kò ní mọ ẹ̀gbọ́n, kò ní mọ àbúrò.”

Nusirat, ìyá àwọn ọmọ, kò rí àléébù kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ òun ní Ṣakí. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni Ramlah.

Ọmọ náà kò ṣeré mọ́. Tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fẹ̀yìn ti ògiri, á máa fi èékánná ha ògiri náà, ohun tó bá sì ha kúrò, ẹnu ló ń gbé e lọ. Ìgbẹ́ gbuuru kì í pẹ́ kó tó tún yọjú. Aṣọ tí Ruqoyah wọ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ṣì ń tóbi jù fún un.

Nígbà tí Nusirat gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìlera àdúgbò, Nọ́ọ̀sì Morìnsọ́lá kò tíì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ tó fi di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, tó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Ìyá Ramlah, ẹ ṣí ọwọ́ tiyín náà. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.”

Nusirat ṣe bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ pọ́n. Ti Ramlah funfun bí ìwé.

Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú ọmọ náà sílẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ó gún un níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré kan.

“Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó,” ni ó wí. “Kí ló ń jẹ?”

“Ẹ̀kọ. Nígbà mìíràn, búrẹ́dì pẹ̀lú tíì.”

“Ẹ̀kọ ń kún ikùn, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti sẹ́ ògì tán, tí ó funfun, tí ó jọ̀lọ̀, ohun tó kù nínú rẹ̀ fún ọmọdé kò tó nǹkan. Ara nílò èròjà kan tí wọ́n ń pè ní áyọ́ọ̀nù kó tó lè ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó nílò síńkì kó tó lè dàgbà, òun náà ló sì ń ran ara lọ́wọ́ láti bá ìgbẹ́ gbuuru jà. Ọmọ tí àwọn méjèèjì yìí bá wọ́n lára rẹ̀, oúnjẹ kì í wù ú jẹ. Bí kò bá sì jẹun, wọ́n á túbọ̀ wọ́n. Ó ń yí bírí bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó gbé páálí kan fún un. Àwọn ọ̀rá pẹlẹbẹ ló wà nínú rẹ̀, pọ́dà tó ní áyọ́ọ̀nù àti síńkì sì wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ má sè é pọ̀ mọ́ oúnjẹ lórí iná. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tú ọ̀rá kan sí i, kí ẹ rò ó pọ̀. Ọ̀rá kan lójúmọ́. Ẹ dá tíì dúró, kì í jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù. Ìgbẹ́ rẹ̀ lè dúdú o, ẹ má bẹ̀rù. Áyọ́ọ̀nù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

Nusirat kò ṣi ọ̀kan ṣe nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un. Láràárọ̀, á gbé ẹ̀kọ sọ̀ kalẹ̀, á fi ìka ọwọ́ rẹ̀ kàn án wò, á tú pọ́dà sí i, á rò ó títí tí kò fi ní hóró kankan. Lẹ́yìn náà, á gbé abọ́ tánganran sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀, á sì lọ pèsè ọjà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ramlah ṣì ń fẹ̀yìn ti ògiri. Lójoojúmọ́ ni Nusirat ń yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó ti dúdú. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà.

“Ayédèrú ni,” ni Mansur wí nígbà tó gbọ́. Ó ń fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì kúrò lọ́wọ́. “Kí ni kì í ṣe ayédèrú ní Èkó yìí? Páàtì ọkọ̀ gan-an, mi ò lè rà á láì kọ́kọ́ fi eyín gé e jẹ.”

“Bàbá Yasir, ìjọba ló fún wa.”

“Ṣé ìjọba kò lè ra ayédèrú ni?”

Ejiro, aládùúgbò wọn tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, gbọ́ ọ láti ibi tó ti ń yan ẹja. Ejiro kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá òun.

“Màmá Yasir, ábẹ̀g, fi pọ́dà sílẹ̀. Po mọ́ọ̀tì àti mílíìkì pọ̀, kó o fún un mu. Nígbà tí mo bí Efe, ohun tí wọ́n fún mi nìyẹn. Kíákíá ni mo dìde.”

“Ejiro, ṣé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀ lóòótọ́?”

“Wò mí. Ṣé mo jọ ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀?”

Mansur ra mọ́ọ̀tì àti mílíìkì bọ̀ láti Lífápúùlù Róòdù. Ramlah mu díẹ̀, ó bì í. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a mu ìyókù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Yasir jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń fọ́nnu fún àbúrò rẹ̀.

“Tèmi dúdú bí ọ́ìlì ọkọ̀ Dádì.”

“Irọ́ ni,” ni Ruqoyah wí.

“Lọ wò ó.”

Màmá Ìgbòho gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. “Yasir, wá níbí. Kí lo jẹ lọ́dọ̀ bàbá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kókónọ́ọ̀tì?”

“Mi ò jẹ nǹkan kan, Màmá.”

“Ṣé o ò fi ọwọ́ tó ní ọ́ìlì jẹ búrẹ́dì?”

Yasir ronú díẹ̀. “Búrẹ́dì yẹn, ẹ̀wà ló wà nínú ẹ̀.”

“Ẹ̀wà kọ́ ni mo bi ọ́.”

Bí àyà Nusirat ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já sí ọ̀nà méjì nìyẹn: ọ̀kan kò ní ẹ̀jẹ̀, ìkejì ti lọ mu ọ́ìlì ọkọ̀. Mansur búra pé Yasir kò fọwọ́ kan nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ó wá ní kí ìyàwó òun kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí ó sì dá pọ́dà wọn padà fún wọn.

Nọ́ọ̀sì Morìnsọ́lá gún Ramlah níka lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó wo ẹ̀rọ náà tán, kò rẹ́rìn-ín.

“Ó tún ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìyá Ramlah, n kò ní tàn yín. Tó bá tún lọ sílẹ̀ ju báyìí lọ, ọsibítù ńlá ni màá ní kí ẹ gbé e lọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.”

Nusirat gbé páálí pọ́dà lé orí tábìlì. “Ọkọ mi ní kí n dá a padà. Ó ní ayédèrú ni.”

Nọ́ọ̀sì kò bínú. Ó mú ọ̀rá kan, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó fi han Nusirat pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ó wá fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.

“Ṣé ẹ ń tú u sí i nígbà tó bá ṣì ń hó?”

“Rárá o. Mo máa ń fi ìka kàn án wò.”

“Ṣé ẹ ń fún un lójoojúmọ́?”

“Ojoojúmọ́.”

“Ṣé ó ń mu tíì lé e lórí?”

“A ti dá a dúró látìgbà tí ẹ ti sọ pé tíì kì í jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù.”

Nọ́ọ̀sì tún yí ọ̀rá náà wò. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò rí ìdí rẹ̀. Nusirat lo àyè yẹn láti fa Yasir síwájú.

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eléyìí náà. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Ìyá bàbá wọn rò pé ó mu ọ́ìlì ọkọ̀.”

“Mi ò mu ọ́ìlì,” ni Yasir wí.

Nọ́ọ̀sì wo Yasir. Ó wo Ramlah. Ó tún wo Yasir.

“Ìgbẹ́ ta ni ẹ sọ pé ó dúdú?”

“Ti Yasir.”

“Ta ni mo sọ fún yín pé ìgbẹ́ rẹ̀ á dúdú?”

“Ramlah ni. Ṣùgbọ́n ti Ramlah kò…” Nusirat dánu dúró. Ó rí abọ́ tánganran náà kedere bí ẹni pé ó wà lórí tábìlì yẹn. Ó rí ṣíbí Yasir tó ń lọ, tó ń bọ̀. Ó rí Ramlah tó di tirẹ̀ mú lásán.

“Abọ́ kan ni wọ́n fi ń jẹun,” ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Inú abọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mò ń tú u sí.”

“Ìdí abájọ rèé,” ni Nọ́ọ̀sì fèsì. “Pọ́dà wa kì í ṣe ayédèrú. Ó ń ṣiṣẹ́, ara Yasir ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò ní pa á lára, ara rẹ̀ kò kàn nílò rẹ̀ tó ti àbúrò rẹ̀ ni. Ọmọ tí ara rẹ̀ le ló máa ń yára jẹun. Èyí tó nílò rẹ̀ jù lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò yá, oúnjẹ kò sì wù ú jẹ.”

Yasir gbọ́ pé òun kò ní kú, ó bá jókòó.

“Kí ẹ máa bu ti Ramlah sọ́tọ̀, ó tán.”

Nusirat mí kanlẹ̀. “Kò tán, Àǹtí. Ẹnu mi kò gba kí n sọ fún ìyá ọkọ mi pé abọ́ wọn ni kò dáa.”

“Ta ló ní abọ́ wọn kò dáa? Ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo máa gbà lọ́la, màá yà kí wọn.”

Ní ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì Morìnsọ́lá kúnlẹ̀ kí Màmá Ìgbòho, ó bi í léèrè ilé àti ọ̀nà. Nígbà tí Nusirat gbé ẹ̀kọ kalẹ̀, nọ́ọ̀sì fìdí kalẹ̀ sórí ẹní.

“Màmá, ẹ ṣe ọmọ yín lóore kan. Ẹ má wo àwọn yòókù. Ṣíbí Ramlah nìkan ni kí ẹ máa fojú tẹ̀ lé.”

“Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ṣíbí?”

“Ẹ ṣáà máa wò ó.”

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀. Yasir bu, ó bu, ó tún bu. Ruqoyah ń tẹ̀ lé e. Ramlah ti ṣíbí rẹ̀ bọ inú abọ́, ṣíbí Yasir gbá a kúrò lọ́nà. Ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó rí díẹ̀ bù, ó dà á sára aṣọ rẹ̀. Ó lá ẹ̀yìn ṣíbí. Ó wo iwájú, ó rí ìsàlẹ̀ abọ́.

Màmá Ìgbòho fa abọ́ náà súnmọ́ ara rẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀kan ló gbé e dé ẹnu,” ni ó wí. “Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó síbí. Ojú mi ń wo abọ́, mo rí i pé ó tán, mo ní àwọn ọmọ ti yó.”

“Kì í ṣe ẹ̀bi yín, Màmá.”

“Má pọ́n mi lé, ìwọ ọmọ yìí. Ewúrẹ́ ni mo ń sìn ní Ìgbòho. Nígbà tí ọmọ ewúrẹ́ kan bá ń rù, a kì í da oúnjẹ rẹ̀ sáàárín agbo. À ń so ó lọ́tọ̀, kó jẹ tirẹ̀, kí a tó tú u sílẹ̀ kó bá àwọn yòókù rìn. Mo mọ̀ ọ́n ṣe fún ewúrẹ́.” Ó yíjú sí Nusirat. “Ìyá Yasir, lọ mú abọ́ kékeré wá. Èmi fúnra mi ni màá máa fún un jẹ.”

Yasir gbé ojú sókè. “Màmá, kí ló dé tí Ramlah fi máa ní abọ́ tiẹ̀?”

“Nítorí pé ìwọ yára ju òfin mi lọ. Tó bá jẹ tirẹ̀ tán, á wá bá yín jókòó. Tí mo bá tún rí i tí ṣíbí rẹ gbá tirẹ̀ dànù, ìwọ náà á máa jẹun lórí itan mi.”

Ruqoyah rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi gba imú rẹ̀ jáde.

Nọ́ọ̀sì wá sọ ìyókù fún wọn. Pọ́dà nìkan kò tó. Kí wọ́n lọ ẹja gbígbẹ tàbí edé kúnná, kí wọ́n máa pò ó mọ́ ẹ̀kọ ọmọ. Kí wọ́n fún un ní ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n gún, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Tí wọ́n bá rí ẹ̀dọ̀ tàbí ẹyin, kí wọ́n fún un nínú rẹ̀. Ọsàn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ á ran ara lọ́wọ́ láti gba áyọ́ọ̀nù. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀.

“Ẹ̀dọ̀ àti ẹja fún ọmọdé,” ni Màmá Ìgbòho wí. “Ṣé kò ní máa ṣí ìkòkò ọbẹ̀?”

“Màmá, ọmọ tí ẹ bá fún kò ní ìdí láti jí i.”

Láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, Ejiro bọ́ sọ́rọ̀ náà. “Nọ́ọ̀sì, ẹja mi náà dáa fún un àbí?”

“Ó dáa gan-an. Ẹ kàn yọ egungun rẹ̀ kúrò.”

“Ẹ ò rí i? Mo ti ń wò ó pé ẹ máa nílò mi.”

Láti ọjọ́ yẹn, Ramlah ń jẹun lórí itan ìyá àgbà kí ó tó bọ́ sílẹ̀ lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń tu oúnjẹ dà. Màmá kò bá a jà. Ìwọ̀nba ẹ̀kọ tó mọ̀ pé ó lè jẹ tán ló ń bù, ibẹ̀ ló ń tú gbogbo pọ́dà sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mansur wà lábẹ́ tírélà ní Kókónọ́ọ̀tì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

“Bàbá Yasir, ìgbẹ́ Ramlah,” ni Nusirat wí.

“Nusi, mo wà lábẹ́ ọkọ̀. Torí ìgbẹ́ lo ṣe pè mí?”

“Ó ti dúdú.”

Mansur yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bi í bóyá nǹkan ṣe. Ó fi ọwọ́ dá a dúró.

“Alhamdulilahi,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. “Rọra nù ún nídìí.”

Nígbà tí wọ́n tún gún ìka Ramlah, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má dúró, kí wọ́n máa bá a lọ títí tí yóò fi tó. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ wálé, ọmọ náà kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ pọn òun. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ó kọjá lára ògiri láì wò ó, ó lọ gba ṣíbí lọ́wọ́ Yasir. Yasir fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ Ramlah lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé yín. Bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ yín bá funfun, bí ó bá ń jẹ iyẹ̀pẹ̀ tàbí ògiri, bí ó bá ń rẹ̀ ẹ́ láì ṣe eré, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru kò fi í lọ́rùn sílẹ̀, ẹ má ra oògùn kankan fún un lójú pópó. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìlera tó súnmọ́ yín, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Bí wọ́n bá fún yín ní pọ́dà, ọ̀rá kan ni kí ẹ lò lójúmọ́, nínú oúnjẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ọmọ náà sì lè jẹ tán lójú ẹsẹ̀. Tí ara ọmọ bá gbóná, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè kí ẹ tó fún un, kí ẹ sì máa jẹ́ kó sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn nítorí ibà. Ẹ má fi ẹ̀kọ lásán bọ́ ọmọ nígbà tí ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ wà nínú ilé. Ẹ sì gbé tíì jìnnà sí oúnjẹ rẹ̀.

A kò ní kí ẹ pa àjọjẹ tì. Àjọjẹ ló ń kọ́ ọmọ ní ìfẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó kéré jù tàbí tí ara rẹ̀ kò dá kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀ tán nínú abọ́ tirẹ̀. Kí àgbàlagbà kan sì jókòó tì í, kí ó máa wo ẹnu ọmọ. Abọ́ tó ṣófo kò lè sọ fún yín ẹni tó yó.